Ibi Tí Mola Ikome Ń Sá Aṣọ Sí

Ọ̀kẹ́ mẹ́rin fráǹkì àti òbúkọ kan ni Mola Ikome Mokake ṣì jẹ àwọn àna rẹ̀ lórí ìyàwó rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí òun àti obìnrin náà ti jọ ń gbé. Kì í ṣe pé ó sá fún gbèsè. Ó ti san ẹlẹ́dẹ̀, ó ti san iyọ̀, ó ti san aṣọ ìyá ìyàwó àti ẹ̀wù òtútù bàbá ìyàwó. Ìyókù ni kò tán. Ọdún tó fẹ́ san án ni wọ́n bí Enjema, ọmọ wọn kan ṣoṣo. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ìjì ṣí òrùlé ilé wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, owó ilé ìwé bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì ti san owó ilé ìwé rí mọ̀ pé kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ fún àna.

Àwọn àna náà kò yọ ọ́ lẹ́nu. Lọ́dọ̀ wa ní ẹsẹ̀ òkè Fako, níbi tí "Mola" ti jẹ́ orúkọ ọ̀wọ̀ fún ọkùnrin, ọkùnrin tó bá ní òun ti san owó orí ìyàwó tán pátápátá, ẹ bi í léèrè dáadáa, ẹ óò rí i pé ó ń bù mọ́ ọ̀rọ̀ ni. Nígbà tí ara bá le, kò sẹ́ni tó ń ka owó orí. Ìgbà tí àìsàn bá wọlé ni àwọn ará ilé ìyàwó ń rántí pé ọmọ àwọn ni. Obìnrin tí owó orí rẹ̀ kò pé, ilé bàbá rẹ̀ lè wá gbé e nígbà tó bá wù wọ́n, bó bá sì kú, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ó sin ín sí. Ọkọ á wà níbẹ̀ bí àlejò, á jókòó sórí àga tí wọ́n bá yá a.

Mola Ikome mọ gbogbo èyí, kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì títí di ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀, Ìyá Limunga, ń rin kókò nílé ìdáná, tí kókò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí òun náà sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí òpó tí ikán ti jẹ nídìí. Àrùn ẹ̀gbà ni. Ó mú apá òsì rẹ̀ láti èjìká dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì dá a padà sílé sí Bokwango, pé ohun tó kù di ọwọ́ Ọlọ́run àti ọwọ́ ẹni tí yóò máa yí i lórí ibùsùn.

Ẹni náà ni Mola Ikome. Enjema wà ní Douala, nínú yàrá kan lórí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, pẹ̀lú ọkọ àti ìbejì. Kò lè wá, kò sì lè gbé ìyá rẹ̀ gun àkàsọ̀ ibẹ̀. Nínú ilé onípákó tó wà ní Bokwango, àwọn méjì náà ló kù, ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì, àti obìnrin kan tó dùbúlẹ̀.

Ní gbogbo ìgbà tí Mola Ikome fi ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀rọ tíì, ìdí ẹ̀rọ tí ń gbẹ ewé ló dúró sí. Ó máa ń dé sílé pẹ̀lú eruku tíì ní irun imú, á bọ́ aṣọ iṣẹ́, á jù ú sórí àpótí, ní ọjọ́ kejì á bá a tó ti mọ́, tó ti gbẹ, tí wọ́n ti ká a. Kò béèrè rí bó ṣe gbẹ. Ní ọjọ́ orí rẹ̀ yìí, kò tíì fọ áńkáṣíìfù rí. Ní báyìí, ìró márùn-ún tàbí mẹ́fà ló ń fọ̀ lójúmọ́, nítorí ẹni tí kò lè dìde kò lè dá ìtọ̀ dúró.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó gbé bàsíà aṣọ síwájú ilé, Ìyá Nanyongo, opó tó wà lódìkejì ọgbà pèrègún, na ọrùn wò ó.

"Mola Ikome! Ẹ̀yin náà ti di ìyàwó ilé? Ìgbà wo lẹ máa di gèlè?"

"Nanyongo, bí o bá ní ọkọ tó ń fọ tìrẹ, mú un jáde kí n rí i."

"Tèmi ti kú. Ó sì kú láì mọ ibi tí ọṣẹ wà nínú ilé!" Ó rẹ́rìn-ín títí, ó fi aṣọ nu ojú, lẹ́yìn náà ó yà wọlé gba ẹnu ọ̀nà. "Ẹ gbé e fún mi. Ẹ kì í fún ìró bí ẹni tó ń fún ọrùn adìẹ. Ẹ fi kọ́ òpó báyìí, ẹ so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ẹ máa lọ́ ọ. Omi tí ẹ bá fi ọwọ́ fún jáde, ẹ ò ní ra igi tí yóò gbẹ ẹ́."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ létí, nítorí owó igi wà nínú rẹ̀.

Fífọ̀ kì í ṣe ìṣòro. Láti oṣù kẹfà títí wọ oṣù kẹwàá, òjò ń bu omi fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ní Bokwango. Ẹ kàn gbé bàsíà sábẹ́ páánù ni. Gbígbẹ ni wàhálà. Nígbà tí kùrukùru bá sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, á wọ inú ilé láì kan ilẹ̀kùn, á jókòó sórí àga, á sùn lórí ibùsùn. Iyọ̀ á di omi nínú ìgò. Ìṣáná á kọ̀ láti tàn. Ìgbà yìí ni ọkùnrin kan ń wá ibi tí yóò sá ìró mẹ́fà sí.

Ó kọ́kọ́ ta okùn láti ògiri dé ògiri nínú yàrá, lókè ibùsùn ìyàwó rẹ̀, nítorí kò ná an ní nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹta, aṣọ ṣì tutù bí imú ajá. Omi tó yẹ kó jáde nínú aṣọ ti wọ inú pákó ògiri, ó ti wọ inú tìmùtìmù, àwọn àmì dúdú tíntìntín sì ti ń hù sára aṣọ funfun.

"Bàbá Enjema," Ìyá Limunga pè é. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan, bí omi nínú ìkòkò tó sán. "Ẹ wo òkè mi. Ṣé ẹ rò pé abẹ́ igi ni mo wà ni?"

Ó tú okùn. Ó kó aṣọ lọ sí ilé ìdáná, ó tẹ́ ẹ sórí àjà tó wà lókè ààrò. Nínú ilé wa, ohun gbogbo ni àjà ń gbẹ: ẹja, àgbàdo, ẹ̀gúsí, igi ìdáná pàápàá. Ó rò pé ohun tó gbẹ ẹja gbọ́dọ̀ lè gbẹ ìró. Ó sì gbẹ ẹ́ lóòótọ́. Ilẹ̀ mọ́, aṣọ ti le gbagidi. Inú rẹ̀ dùn, ó tẹ́ ẹ fún ìyàwó rẹ̀.

Ìyá Limunga gbóòórùn ìró náà, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi lẹ fẹ́ fi se ọbẹ̀ lónìí, àbí ẹja?"

"Kí ló dé?"

"Kí n lè mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ wọ ìkòkò."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ yí padà di ikọ́, ikọ́ náà kò sì dúró. Èéfín ti wọ inú òwú aṣọ, ó ń jáde sí i nímú bó ti dùbúlẹ̀. Mola Ikome gbé e jókòó, ó ń lù ú lẹ́yìn, ó ń wò ó bí ojú rẹ̀ ṣe ń dúdú, títí tí èémí fi padà. Ní ọjọ́ kejì, ìró kan já bọ́ láti orí àjà sínú iná. Aṣọ rere ni, ẹgbẹ̀rún méje fráǹkì ni Enjema rà á. Bàbá náà wo eérú rẹ̀, ó sì kó àwọn tó kù kúrò níbẹ̀.

Enjema pè é lórí fóònù.

"Bàbá, mo ti rí ẹ̀rọ kan tí ń fi iná gbẹ aṣọ. Tòkunbọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́."

"Èló?"

"Ọ̀kẹ́ mẹ́fà. A lè máa san án díẹ̀díẹ̀."

"Owó ọkọ̀ tí yóò gbé e gun òkè ńkọ́? Iná tó ń jẹ ńkọ́? Lánàá, iná dé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó sì lọ kí n tó rí ibi tí mo fi fóònù sí."

"Bàbá, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀ ìṣirò yín."

"Ìṣirò yìí ló rán ọ lọ sílé ìwé, má bú u."

Mola Ikome gbọ́ tí ọmọ náà ń fa imú. "Ẹ ṣáà máa jẹ́ kí ara màmá mi gbẹ," ó wí, ó sì pa fóònù.

Nígbà tí òjò dá díẹ̀ ní àárín oṣù kẹjọ, Mola Ikome ta okùn sábẹ́ etí òrùlé tó yọ síta lẹ́yìn ilé. Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, èéfín kò sí. Ní ìrọ̀lẹ́, aṣọ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tiwa, aṣọ tútù tó bá wà níta lábẹ́ òjìji, eṣinṣin máńgòrò á yé ẹyin sí i. Ẹyin náà kò ṣeé fojú rí. Bí ènìyàn bá wọ aṣọ náà, ooru ara á mú kí ẹyin náà pa, ìdin á sì gún awọ ara wọlé, á di eéwo tó ní ihò lórí. Kò sí ìyá tó ń wọ aṣọ fún ọmọ jòjòló láì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́, títí kan etí aṣọ àti ojú rírán.

Mola Ikome kò jẹ́ kí wọ́n kọ́ òun ní èyí. Ó ra èédú, ó yá áyọ́ọ̀nù Ìyá Nanyongo, ó sì ń lọ aṣọ ìyàwó rẹ̀: kaba, ìró, aṣọ abẹ́, gbogbo rẹ̀. Ohun tí kò lọ̀ ni ìtẹ́lẹ̀, àwọn àlòkù ìró tó ká ní ìṣẹ́po mẹ́ta tó ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Èédú ń wọ́n nígbà òjò; agolo kan ti di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fráǹkì. Ó sì wò ó pé aṣọ ni ènìyàn ń lọ̀. Ta ló ń lọ ìtẹ́lẹ̀? Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa, ohun kan náà la ó wí. Ẹni tó lè dìde ló ń wọ aṣọ kúrò lórí ìtẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò lè dìde, ìtẹ́lẹ̀ gan-an ni aṣọ rẹ̀, èyí ni kò sì wá sí i lọ́kàn. Ẹ̀gbẹ́ òsì tí ẹ̀gbà mú ni Ìyá Limunga sì máa ń fẹ́ dùbúlẹ̀ lé, nítorí ẹ̀gbẹ́ náà kì í dùn ún.

Ọjọ́ Sátidé kan, Mola Efange, ẹ̀gbọ́n Ìyá Limunga, wá láti Bonjongo pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí èjìká. Arúgbó gbọ̀ngbọ̀nràn ni, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú àna rẹ̀. Ìyá Nanyongo wà ní yàrá, ó ń wẹ aláìsàn. Lójijì ni wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ẹ wá o! Ẹ wá wo ẹ̀yìn rẹ̀!"

Eéwo ló kún ẹ̀gbẹ́ òsì náà láti ìbàdí dé èjìká, pupa, olójú kọ̀ọ̀kan, ojú náà sì ń mì. Ìyá Limunga ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kí ló wà níbẹ̀?" ó béèrè. "Kò dùn mí. Kí lẹ rí?"

Ìyá Nanyongo bu epo pupa, ó fi dí ihò kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ má bàa dé ọ̀dọ̀ ìdin inú rẹ̀, nígbà tó sì yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn jáde, ó ń kó wọn sínú agolo mílíìkì. Mola Efange dúró wo agolo náà. Ó jáde sí pálọ̀, àna rẹ̀ tẹ̀lé e.

"Ikome."

"Mola Efange, àṣìṣe mi ni. Mi ò lọ ìtẹ́lẹ̀."

"Òkú ni ìdin ń jẹ, Ikome. Àbúrò mi kò tíì kú."

"Mo mọ̀."

"O ò mọ̀. Bí o bá mọ̀, mi ò ní bá ìdin ara rẹ̀ nínú agolo." Ó jókòó, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orókún, ó ń yí i. "Ọdún mélòó ni a ti fi ojú fo owó orí yìí? Ṣé ẹnikẹ́ni nínú wa ti wá kan ilẹ̀kùn rẹ rí?"

"Rárá o."

"Mò ń bọ̀ nígbà tí oṣù tó ń bọ̀ bá parí. Ọkọ̀ ni mo máa gbé wá. Bí owó bá pé, ìwọ lo ni ín, o lè fi ẹnu rẹ bá mi sọ̀rọ̀ bí ọkọ. Bí kò bá pé, ọmọ wa la ó gbé."

Kò mu omi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ló fi sílẹ̀ níbi tó gbé e sí.

Ohun tó burú jù ni pé owó ń bọ̀. Mola Ikome àti àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ mélòó kan ń dá àjọ láti inú owó ìfẹ̀yìntì wọn, òun ló sì kàn ní oṣù náà. Nígbà tí wọ́n kà á sí i lọ́wọ́, ọ̀kẹ́ mẹ́rin géérégé ni. Òbúkọ, ó mọ ẹni tó lè yá a. Gbogbo owó tó jẹ wọ́n ti wọ inú àpò ìwé kan ṣoṣo, ó fi í sí àyà, ó gun òkè lọ sílé nínú òjò.

Ó gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó fọwọ́ kan ìtẹ́lẹ̀. Ó tutù. Láti ọjọ́ tí eéwo ti yọ, ó ti padà sí orí okùn inú yàrá, ó ń fi áyọ́ọ̀nù fa omi tó kù nínú aṣọ jáde, èédú ń lọ bí iyọ̀, síbẹ̀ kò tó. Lára ihò tí ìdin fi sílẹ̀, mẹ́ta ti ń di egbò.

"Owó àjọ ti dé," ó wí.

"Ó pé?"

"Ó pé iye tí wọ́n ń béèrè lórí rẹ. Kò lé, kò dín."

Ìyá Limunga yí ojú sí i. "Bí ẹ bá gbé e fún Efange, kí ni wọ́n ó fi ṣe?"

"Wọ́n á pín in fún ẹbí."

"Wọ́n á mu ún," ó wí. "Ní ọjọ́ méjì, wọ́n á ti mu mí tán." Ó mí. "Bàbá Enjema, ẹ̀yìn mi tutù."

Mola Ikome tún fọwọ́ kan ìtẹ́lẹ̀ náà.

"Ẹ̀yìn mi tutù láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ, nítorí mo ń rí ọwọ́ yín bó ṣe bó. Aṣọ tó gbẹ ni mo fẹ́. Kí n dùbúlẹ̀ lé aṣọ tó gbẹ."

Ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú owó náà ní àyà. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Bó bá san án, Limunga di tirẹ̀ pátápátá, kò sẹ́ni tó lè gbé e. Ṣùgbọ́n orí aṣọ tútù ló máa wà, egbò á sì jinlẹ̀, ẹni tó bá ti rí egbò ẹ̀yìn mọ ibi tó ń parí sí. Owó yìí á ra òkú rẹ̀ fún un. Á sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, kò ní jókòó sórí àga tí wọ́n yá a. Bí kò bá sì san án, ó lè ra ara tó gbẹ fún ẹni tó ṣì ń mí, kí Efange wá gbé e lọ lẹ́yìn náà pẹ̀lú ara náà. Ọ̀nà méjèèjì ló ní àdánù. Ó kà wọ́n, ó tún wọn kà, iye kan náà ló ń bọ́ sí.

Nígbà tí ojúmọ́ mọ́, ó jáde sẹ́yìn ilé, ó dúró láìwọ ẹ̀wù òtútù, ó ń fi ara wá ibi tí afẹ́fẹ́ òkè ń gbà. Ní ilé ẹ̀rọ tíì, kì í ṣe iná ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi kan ewé. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí wáyà, afẹ́fẹ́ á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá títí á fi rọ̀. Ìgbà yẹn ni iná tó wọ̀ ọ́. Ewé tó bá yára kan iná á jóná lẹ́yìn, inú rẹ̀ á ṣì tutù. Ó ti ṣe iṣẹ́ yìí títí ó fi rẹ̀ ẹ́, kò sì fi ìgbà kan rò pé aṣọ pàápàá dà bí ewé.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọjà. Páánù oníke mẹ́fà, èyí tó mọ́ gaara tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógójì fráǹkì. Pákó, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn tí ó ti bá oníṣòwò náà jà dé ojú ọ̀nà. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré àti ìṣó, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Èyí tó kù, ó fi ra rọ́bà tí wọ́n ń bò tìmùtìmù àti oògùn egbò. Kò háyà káfíńtà. Ó kọ́ ọ fúnra rẹ̀: òpó mẹ́rin, páánù oníke lórí, àwọ̀n yí i ká láti òkè délẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pákó tín-ín-rín tó jìnnà síra, tó ga kúrò lórí iyẹ̀pẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ wọlé. Okùn márùn-ún nínú rẹ̀, kò sí aṣọ tó kan ìkejì.

Ìyá Nanyongo na ọrùn. "Mola Ikome, kí nìyí? Ilé adìẹ ni àbí ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ilé aṣọ ni."

"Aṣọ wá ní ilé tó mọ́lẹ̀ ju tèmi lọ! Ṣé mo lè mú tèmi wá?"

"Ìró kan, àádọ́ta fráǹkì."

"Olè! Ta ló fún ìdin jáde lára ìyàwó yín?"

"Ìwọ ni. Mú u wá lọ́fẹ̀ẹ́."

Òjò rọ̀ ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ sá aṣọ síbẹ̀, ó sì rọ̀ ní ọjọ́ kejì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì náà, ó wọ inú rẹ̀, ó mú ìró kan, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó gbẹ. Kì í ṣe gbígbẹ líle ti orí àjà, ó rọ̀. Síbẹ̀ ó dáná sí áyọ́ọ̀nù, ó lọ ìró, ó lọ ìtẹ́lẹ̀, ó lọ aṣọ ìnura, kò fi ohunkóhun tó ní òwú sílẹ̀. Nígbà tó tẹ́ ẹ sábẹ́ Ìyá Limunga, obìnrin náà di ojú, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Kò rùn nǹkan kan," ó wí. Ó sùn ní ọjọ́ náà láì wúkọ́.

Nígbà tí oṣù parí, egbò mẹ́ta náà ti pa ojú dé. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ní ìbòrí gun òkè wá. Mola Efange sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin méjì tẹ̀lé e pẹ̀lú ẹní àti ìrọ̀rí. Ó wọ yàrá lọ tààrà, ó ní kí wọ́n yí àbúrò òun. Ó fi ọwọ́ gba ẹ̀yìn náà láti òkè délẹ̀, ó rọra bò ó.

"Ara rẹ̀ ti dá," ó wí. Ó yíjú sí Mola Ikome. "Owó ńkọ́?"

"Kò sí."

"Mo gbọ́ pé àjọ ti kàn ọ́."

"Ó kàn mí. Kò sí mọ́."

Mola Efange mi orí. Ó ṣẹ́wọ́ sí àwọn ọkùnrin náà, wọ́n sì tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ìgbà náà ni Ìyá Limunga fi ọwọ́ rere rẹ̀ di ẹsẹ̀ ibùsùn mú.

"Mola Efange, ta ni yóò fọ aṣọ mi ní Bonjongo?"

"Àwọn obìnrin wà nílé."

"Ẹ dárúkọ wọn."

"Ìyàwó mi wà níbẹ̀."

"Ìyàwó yín kò lè bẹ̀rẹ̀ mú ìgbálẹ̀. Ta ló tún kù?"

"Àwọn ìyàwó ọmọ..."

"Limbe ni wọ́n wà. Ọdún Kérésì ni wọ́n ń wá." Ó sinmi kí èémí lè dé. "Ibo lẹ ó sì sá a sí?"

Mola Efange wo àwọn ọkùnrin náà bí ẹni pé wọ́n lè ràn án lọ́wọ́. "Orí àjà," ó wí níkẹyìn.

Ìyá Limunga rẹ́rìn-ín ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan. Arúgbó náà jáde. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n gbọ́ tí ilẹ̀kùn àwọ̀n dún. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí Mola Ikome lọ wò ó, ó bá a tó dúró láàárín ìró, ó di etí ọ̀kan mú.

"Èló ló ná ọ?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Gbogbo kí ni?"

"Gbogbo owó orí. Owó yín lẹ dúró lábẹ́ rẹ̀ yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, mo ní ohun tí wọ́n fi ń yọ ìṣó."

Mola Efange gbójú sókè wo páánù oníke. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán lé e. "O mọ̀ pé bó bá kú báyìí, a ó wá gbé e. Bonjongo la ó sin ín sí."

"Mo mọ̀."

"O ò ní bá wa jà?"

Mola Ikome na ọwọ́, ó tún ìró kan ṣe lórí okùn, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe ìró náà. "Mi ò ní bá yín jà. Ẹ ó rí mi níbẹ̀, ẹ ó fún mi ní àga. Ṣùgbọ́n bó bá ṣì ń mí, ibí ló wà."

Afẹ́fẹ́ gba abẹ́ pákó wọlé, ó gbé àwọn aṣọ náà díẹ̀, ó sọ wọ́n sílẹ̀.

"Mi ò fojú fò ó o," ni Mola Efange wí. "Gbèsè wà níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀."

"Ọkọ̀ tí mo háyà, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni. Èmi kọ́ ni n ó ru ìyẹn."

"Ẹ fi kún un."

Ó padà wọlé, ó sọ fún àwọn ọkùnrin náà pé kí wọ́n ká ẹní, ó sì fi ìrọ̀rí sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó mu omi. Nígbà tí ọkọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ tán nínú òjò, Ìyá Limunga pe ọkọ rẹ̀.

"Èló ló wá dà báyìí?"

"Ọ̀kẹ́ mẹ́rin ó lé ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Àti òbúkọ."

"Hẹn-ẹn. Mò ń wọ́n sí i."

"O ń wọ́n sí i," ni Mola Ikome wí. Ó fi apá gbá a mú lábẹ́ èjìká, ó sì yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì.